Kérésì Mi Dà? Ìtàn Owó tí Òbí Ń Ná sí Aṣọ Ọdún Ọmọ

Ìbéèrè kan ni ó bí àròkọ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí ó ti ka ìwé púpọ̀ nípa bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe ọdún Kérésìmesì ni ó bi mí pé, èló ni àwọn òbí ní ilẹ̀ Yorùbá máa ń ná sí ẹ̀bùn Kérésìmesì ọmọ kọ̀ọ̀kan? Mo la ẹnu láti dá a lóhùn, mo sì rí i pé ìbéèrè náà kò bá ilé wa mu. Ní Sẹ̀kọ̀nà tí a ti bí mi, n kò rántí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni fún mi ní ẹ̀bùn Kérésìmesì. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọdún kan tí bàbá mi kò náwó Kérésìmesì lé mi lórí. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tako ara wọn. Ohun tí ó wà láàárín wọn ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iṣẹ́ mi wà, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Èdè Yorùbá kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì so mọ́ ara wọn, kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ òyìnbó yìí wọlé, a fi fáwẹ̀lì là á láàárín, a tún fi òmíràn dí i nídìí, ó di Kérésìmesì. Àwọn ọmọdé kò ní sùúrù fún sílébù márùn-ún, wọ́n gé e kù sí mẹ́ta: Kérésì. Lẹ́yìn èyí ni ìtumọ̀ rẹ̀ wá fẹjú. Ọmọ tí ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹni tí ó jù ú lọ, tí ó ní, "Bọ̀dá, Kérésì mi dà?", kì í ṣe ọjọ́ 25 oṣù Ọ̀pẹ ni ó ń wá. Ohun tí ó tọ́ sí i ní ọjọ́ náà ni ó ń béèrè.

Ẹ kíyè sí "dà" yẹn. Ẹni tí ó ń tọrọ nǹkan yóò ní "ẹ fún mi". Ẹni tí ó bá ní "dà" ti gbà pé nǹkan náà wà, pé tirẹ̀ ni, àti pé ó kù kí ẹni tí ó fi í pamọ́ gbé e jáde. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìṣe tí àwọn ìyá wa ń lò. Ìyá kì í sọ pé òun fi aṣọ ọdún bun ọmọ òun. Yóò ní òun dá aṣọ fún un, tàbí òun rán aṣọ ọdún fún un. Ohun tí a fi bun ènìyàn jẹ́ ohun tí a lè má fún un kí ayé má bàjẹ́. Aṣọ ọdún kò sí nínú irú èyí. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni, gbèsè ni ní ọrùn òbí, gbogbo àdúgbò sì ni ẹlẹ́rìí.

Gbèsè yìí ti wà kí Kérésìmesì tó dé. Ẹdẹ, tí Sẹ̀kọ̀nà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìletò rẹ̀ ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Gbọ̀ngán, jẹ́ ìlú ọlọ́dún. Ọdún Ṣàngó ti Tìmì wà níbẹ̀, ọdún egúngún náà wà. Bí ẹ bá wo ẹ̀kú egúngún àwọn ará Ọ̀yọ́ àti àwọn tí ó bá wọn tan dáadáa, ẹ ó rí i pé aṣọ lórí aṣọ ni. Ní ọ̀pọ̀ agbolé, bí ọdún bá ti yípo, àwọn ọmọ ilé a ra aṣọ tuntun, wọn a rán an mọ́ tàtijọ́, títí tí ẹ̀kú náà yóò fi wúwo ju ẹni tí ó gbé e lọ. Bí bàbá tí ó ti kú bá ní aṣọ ọdún, báwo ni ọmọ tí ó wà láàyè kò ṣe ní ní tirẹ̀? "Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn" ni àwọn baba wa wí. Mo máa ń rò ó pé ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti lè jókòó sí ojúde ní ọjọ́ ọdún, tí ó ń wo àwọn ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń kọjá.

Ní ìgbà náà, owó ẹyọ ni owó, a sì ń kà á ní igba, ní egbèwá, títí dé ọ̀kẹ́, tí í ṣe 20,000 ẹyọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá kò fi owó ẹyọ ra aṣọ ọmọ rárá. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń ran òwú, tí wọ́n sì ń hun kíjìpá ní ẹ̀yìnkùlé. Ọwọ́ wọn àti oṣù tí ó ń kọjá ni wọ́n fi ń san án.

Ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́ wá dé. Thomas Birch Freeman, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842. Henry Townsend ti ìjọ Áńgílíkà dé ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún yẹn kan náà. Thomas Jefferson Bowen, ará Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, dé ní 1850. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni ó wá rí ẹsẹ̀ walẹ̀ ní Ẹdẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti wọ ààfin ṣáájú rẹ̀, nítorí Mùsùlùmí ni Tìmì Abíbù Lágùnjú tí ó jọba ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà tí ó yá, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi náà gun orí oyè: Tìmì John Adétóyèṣe Láoyè, ẹni tí ayé mọ̀ fún ìlù dùndún, jọba láti 1946 títí di 1975.

Kì í ṣe àwọn míṣọ́nnárì ni ó kó ẹ̀bùn ọmọdé wá fún wa. Ẹ má sì rò pé àṣà kí a to ẹ̀bùn sí abẹ́ igi ti pẹ́ púpọ̀ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó náà. Stephen Nissenbaum, onímọ̀ ìtàn ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan lórí rẹ̀ ní 1996. Ó fi hàn pé nígbà kan rí, ọdún ìta gbangba ni Kérésìmesì, tí àwọn tálákà àti àwọn ọ̀dọ́ ń kan ilẹ̀kùn àwọn ọlọ́rọ̀ pé kí wọ́n gbé oúnjẹ, ọtí àti owó wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ọlọ́lá ìlú New York bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà sí ọdún inú ilé, tí bàbá àti ìyá ń fún ọmọ tiwọn ní nǹkan lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì. Ẹni tí ó bá dàgbà ní Ẹdẹ tí ó sì ka ìwé náà yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí àwa kò ti ilẹ̀kùn náà. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ yóò wọ aṣọ tuntun, yóò kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, wọn yóò máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọn yóò jẹ ìrẹsì ní mẹ́ta nínú wọn, wọn yóò gba owó ní méjì, wọn yóò sì bú ilé tí kò fún wọn ní nǹkan nígbà tí wọ́n bá ti rìn jìnnà díẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ni ó kọ́kọ́ sọ aṣọ di ọ̀rọ̀ owó. Ó dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, ó gba Ẹdẹ kọjá, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Ohun tí ó ń kó lọ ni ekùrọ́, epo àti kòkó. Ohun tí ó ń kó bọ̀ ni iyọ̀, ìṣó, àtùpà, àti aṣọ òyìnbó ní ìgàn-ìgàn. Kíjìpá kò parẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í wò bíi pé iṣẹ́ oko ni wọ́n rán an.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó so Kérésìmesì mọ́ àpò òbí gan-an ni kòkó. Igi kòkó máa ń so díẹ̀ ní àárín ọdún, àmọ́ ìkórè ńlá rẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Ọ̀wàrà, ó sì lè wọ oṣù Ṣẹ́rẹ́. A ó já èso rẹ̀, a ó là á, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo hóró rẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́fà, a ó sá a sí oòrùn, a ó dì í sínú àpò. Kí ọyẹ́ tó máa fẹ́, owó ti dé ọwọ́ àgbẹ̀. Òjò ti dá, ọ̀nà oko ti gbẹ, iṣu ti wọ àká. Ọjọ́ ìbí Jésù kàn ṣe kòńgẹ́ ìgbà tí àpò àgbẹ̀ kún ni. Ẹ fi í wé Iléyá. Oṣù ojú ọ̀run ni Iléyá ń tẹ̀lé, ó sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 sún síwájú lọ́dọọdún. Bí ó bá bọ́ sí oṣù Òkúdù tàbí Agẹmọ, owó kòkó èṣí ti tán, tuntun kò sì tíì pọ́n. Ọ̀pọ̀ bàbá tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ni ó ti ta kòkó orí igi fún alágbàtà ní ọ̀pọ̀ nítorí aṣọ Iléyá àwọn ọmọ. Ẹ kò gbọdọ̀ rò pé àwọn onígbàgbọ́ kò ṣe irú rẹ̀ o. Tiwọn kàn máa ń jẹ́ fún owó ilé-ìwé tàbí òkú ṣíṣe ni.

Láti 1947 ni ìjọba ti dá àjọ tí ń ra kòkó sílẹ̀, tí wọ́n ń sọ iye tí wọn yóò rà á ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ìyá bàbá mi máa ń sọ pé bí alágbàtà bá ti kéde iye náà, àwọn obìnrin ti mọ irú aṣọ tí àwọn ọmọ yóò wọ̀ lọ́dún náà, kí wọ́n tó já èso kan lórí igi. Iye tí àjọ náà ń san kéré sí iye tí ó ń tà á lókè òkun; ìjọba ń lo ìyókù. Nítorí náà, n kò lè sọ̀rọ̀ owó tí òbí ná sórí ọmọ ní ilẹ̀ yìí kí n má dárúkọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Owó kòkó wà nínú ohun tí ó gbé e dúró. Kérésì ńlá ni àwọn àgbẹ̀ rà fún ọmọ onílé àti ọmọ àlejò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè kí ó tó yọ owó náà. Nígbà tí owó kòkó kò tó nǹkan mọ́, tí owó-orí sì le, ìbínú dé. Ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà ti 1968 sí 1969 kì í ṣe ọ̀rọ̀ àròkọ yìí, ṣùgbọ́n ẹ ránti pé àwọn tí ó jà á jẹ́ bàbá ọmọ.

Owó ìgbà náà tún fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu wa. Tọ́rọ́ ni kọ́bọ̀ mẹ́ta, sísì ni kọ́bọ̀ mẹ́fà; nọ́ńbà òyìnbó mẹ́ta àti mẹ́fà ni a yí padà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó ń kí àwọn àgbà ní ọjọ́ ọdún lè gba tọ́rọ́, ó sì ti di ọlọ́rọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1973 ni náírà rọ́pò pọ́n-ùn, tí náírà méjì jẹ́ pọ́n-ùn kan. Owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Owó Údójì tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́ ní 1975 sọ ìrẹsì, tí í ṣe oúnjẹ ọdún tẹ́lẹ̀, di oúnjẹ ọjọ́ Àìkú. Àwọn ọmọ Èkó ń lọ wo Bàbá Kérésì ní ilé ìtajà Kingsway. Àwa ará Sẹ̀kọ̀nà gbọ́ nípa rẹ̀, a kò rí i. Ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun ní àdúgbò wa kì í fún ọmọdé ní nǹkan kan, a fi bí a bá bá a gbé omi.

Èyí mú mi dé ìgbà tèmi. Ní 1986 ni ìjọba ológun gbé ètò ọrọ̀ ajé tuntun kalẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní SAP. Náírà ya lulẹ̀. Ẹni tí ó ń gba owó oṣù rí i pé owó náà ṣì pé, ṣùgbọ́n ohun tí ó lè rà kò pé mọ́. Ọdún yẹn náà ni wọ́n tú àjọ tí ń ra kòkó ká, tí ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó lè wá rà á. Owó kòkó bá fò sókè lọ́nà tí àwọn àgbà kò rí rí. Ìròyìn SAP tí ẹ ń kà nínú ìwé, ìròyìn ìyà àwọn ará ìlú ńlá àti àwọn òṣìṣẹ́ ni. Ní abúlé kòkó, ọdún méjì tàbí mẹ́ta kan wà tí ayé yí padà, tí àgbẹ̀ ń ra aṣọ tí tísà ń wò.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí ní 1988. Bàbá mi ní oko kòkó díẹ̀ ní apá ibi tí ó kọjú sí Ifẹ̀. Ní oṣù Bélú ọdún náà ni òun àti ìyá mi lọ sí Òṣogbo, wọ́n sì ra ìgàn aṣọ kan ṣoṣo, aláwọ̀ ojú ọ̀run, tí wọ́n fi rán ṣòkòtò àti ẹ̀wù fún àwa ọkùnrin mẹ́ta àti kaba fún àwọn obìnrin méjì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí wa yóò mọ̀ pé ọmọ ilé kan ni wá. Ìyẹn gan-an ni wọ́n sì ń fẹ́. Aránṣọ náà dá oṣù Ọ̀pẹ lójú wa pọ̀. Ó gba iṣẹ́ gbogbo àdúgbò, kò sì parí ti ẹnì kan. Ní alẹ́ ọjọ́ 24, nǹkan bí ogún ọmọ ni ó jókòó sílẹ̀ yí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ká, àtùpà ń jó, olúkúlùkù ń ṣọ́ aṣọ tirẹ̀. Àwọn kan sùn lọ síbẹ̀. Aago kan òru kọjá kí tèmi tó jáde. Ó tóbi jù mí lọ, nítorí ìyá mi ti kìlọ̀ fún aránṣọ pé kí ó fi àyè sílẹ̀ kí n lè dàgbà sí i. Wọ́n ṣẹ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà sókè ní ìlọ́po méjì. Aṣọ Kérésì yẹn yóò di ti Ọdún Àjíǹde, yóò di ti ọjọ́ Àìkú, wọn yóò tú ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò tún un tú, lẹ́yìn náà ni yóò kan àbúrò mi. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣírò owó Kérésìmesì òbí Yorùbá gbọ́dọ̀ fi ọdún tí wọn fi wọ aṣọ náà pín in. Bàbá mi tún ra gíláàsì ọlọ́ràá aláwọ̀ pupa fún mi, àti agogo ọwọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í yí. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó ń sọ ní gbogbo ọjọ́ ọdún.

Tísà kan wà ní ojúlé kejì sí tiwa. Wọ́n jẹ ẹ́ lówó oṣù ní ọdún náà. N kò mọ iye oṣù, mo kàn mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ kò lọ sí ọjà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọmọ wọn ọkùnrin jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Òkìríkà ni àwọn mìíràn tí ọwọ́ wọn kò tẹ aṣọ tuntun máa ń rà, aṣọ àlòkù tí a ń pè ní bọ́síkọ̀rọ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: ẹni tí ó rà á ní láti bọ́ sí kọ̀rọ̀ kí ó tó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyàwó tísà kò fẹ́ bọ́ sí kọ̀rọ̀ kankan. Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn ìró rẹ̀ tí ó dára jù sílẹ̀, ó gé e, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ fún àwọn ọmọ. Ní òwúrọ̀ Kérésìmesì, èmi tí mo wọ aṣọ ojú ọ̀run àti gíláàsì pupa sọ fún ọmọ náà níṣojú gbogbo ẹgbẹ́ wa pé ìró ìyá rẹ̀ ni ó wọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò bá wa lọ sí ojúlé kankan ní ọjọ́ náà.

Ní 1989, owó kòkó wó lulẹ̀ bí ó ṣe gòkè. Àwọn tí ó ti ń du kòkó lọ́wọ́ bàbá mi kò wá mọ́, àpò tí ó wà nílẹ̀ kò rí ẹni rà á sí iye tí a retí. Aṣọ ojú ọ̀run ti bàjẹ́ ní orókún. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kángun sí ọdún, ìyá mi ṣí àpótí rẹ̀, ó mú àdìrẹ kan jáde, ó gbé e lọ sí ojúlé kejì. Ìyàwó tísà, tí ó ti ń fi ìránṣọ gbọ́ bùkátà ilé láti ìgbà náà, ni ó rán an fún wa, kò sì gba owó iṣẹ́ títí tí kòkó mìíràn fi jáde. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó san gbèsè yẹn ṣáájú gbèsè alágbàtà. Ní ọjọ́ ọdún, ọmọ tísà wo aṣọ ara mi títí, kò sọ nǹkan kan. A jọ lọ láti ojúlé dé ojúlé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nípa ẹ̀gbọ́n bàbá mi, nítorí ẹni tí kò bá mọ Ẹdẹ lè ṣì mí gbọ́. Mùsùlùmí ni wọ́n. Ní ọdún tí ọwọ́ wọn bá gbòòrò, àwọn ni wọ́n ń ra bàtà Kérésìmesì wa. Bí Iléyá bá dé, bàbá mi a dá sí aṣọ àwọn ọmọ tiwọn. Kò sí ìwé àdéhùn, kò sì sí ìwàásù kankan lórí rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ẹdẹ, báyìí ni ọ̀rọ̀ rí. Ní ọdún 2000, Kérésìmesì bọ́ sí ọjọ́ Ajé, Ìtúnu Ààwẹ̀ sì tẹ̀lé e ní nǹkan bí ọjọ́ kejì sí i. Ìgàn aṣọ kan náà ni wọ́n rà fún gbogbo ọmọ agbolé, àwọn kan wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan wọ̀ ọ́ lọ sí yídì. Owó tí wọ́n ná lọ́dún náà kéré sí ti ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀. Mo ti wà ní yunifásítì nígbà náà, èmi ni wọ́n sì ní kí n ṣírò rẹ̀.

Nígbà tí ó bá di òde òní, ìṣirò náà le ju agbára mi lọ. Ní oṣù Agẹmọ 2024 ni ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ di 70,000 náírà, láti 30,000. Kí Kérésìmesì ọdún náà tó pé, àpò ìrẹsì kan tí ó wọn 50 kílò ti gbówó lórí ju gbogbo owó oṣù náà lọ. Àjọ tí ń ṣe ìṣirò fún ìjọba sọ pé iye owó ọjà ní oṣù Ọ̀pẹ fi ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Ẹni tí ó bá ní ọmọ mẹ́ta kò nílò àjọ kankan láti sọ fún un.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Ọ̀pẹ 2024, wọ́n ṣe àríyá ọdún ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọdé ní ọgbà ilé-ìwé Islamic High School ní Baṣọ̀run, Ìbàdàn. Wọ́n ti kéde pé àwọn ọmọ yóò gba ẹ̀bùn. Láti ìdájí ni àwọn ìyá ti kó ọmọ wá. Èrò pọ̀ ju ohun tí ẹnu ọ̀nà lè gbà, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ọmọdé 35 sì kú. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, àwọn mìíràn kú ní Òkíjà ní ìpínlẹ̀ Anambra àti ní Àbújá, níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ọdún. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń bú àwọn ìyá Ìbàdàn pé ojúkòkòrò ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ti béèrè pé Kérésì òun dà, ìyá sì mọ̀ pé òun jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ìyá tí kò rí owó aṣọ, tí kò rí owó ìrẹsì, tí ó sì gbọ́ pé ibì kan wà tí wọ́n ti fẹ́ bá òun san nínú rẹ̀, kí ni kí ó ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ó wà níbẹ̀, mo mọ̀ láìbi ẹnikẹ́ni, aṣọ wọn tí ó dára jù ni ìyá wọn fi wọ̀ wọ́n kí wọ́n tó jáde nílé.

Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé ní oṣù Ọ̀pẹ yẹn gan-an ni owó kòkó ní ọjà àgbáyé kọjá 12,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan, irú èyí tí a kò rí rí. Òjò àti àrùn ti ba kòkó Gánà àti Côte d'Ivoire jẹ́. Àwọn tí wọ́n ti gé kòkó wọn ní ìgbà tí kò lówó lórí, tí wọ́n fi ilẹ̀ rẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́ tàbí tí wọ́n tà á fún àwọn tí ń kọ́lé, ń ka ìka àbámọ̀. Bàbá mi kò gé tirẹ̀. Kì í ṣe ọgbọ́n ni ó fi ṣe é, ó ní ọwọ́ òun kò gbé àáké mọ́ ni. Àbúrò mi tí ó ń bójú tó oko náà ta àpò díẹ̀, ó sì pè mí lórí fóònù láti Sẹ̀kọ̀nà pé kí n fi ìwọ̀n àwọn ọmọ mi ránṣẹ́, òun fẹ́ ra ìgàn aṣọ kan fún gbogbo ọmọ ilé, ti Ìgbàgbọ́ àti ti Ìmàle. Mo ní kí ó jẹ́ kí n fi owó tèmi kún un. Ó ní ṣé mo ti gbàgbé ẹni tí aṣọ ojú ọ̀run kàn lẹ́yìn mi ni? Ó sì rán mi létí pé kí aránṣọ fi àyè sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ ṣòkòtò.

Mo ti dá akẹ́kọ̀ọ́ mi lóhùn pé kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ẹni tí ó ra aṣọ ọdún àkọ́kọ́ tí ó lè rántí, àti ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè rẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Òndó àti Ìjẹ̀ṣà, mo ń fẹ́ mọ orúkọ tí ẹ ń pe aṣọ Kérésìmesì àti owó tí ọmọdé ń gbà ní ojúlé ní ẹ̀ka èdè tiyín. Ó dàbí ẹni pé "Kérésì mi dà?" ní arákùnrin ní àwọn ibòmíràn, mo sì fẹ́ kó wọn jọ kí àwọn tí ó ń sọ wọ́n tó tán.